Ṣé “ìmọ̀ okùnfà àrùn” ni iṣẹ́ Virchow?

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn ní Yorùbá ni pé kí a túmọ̀ pàtọ́lọ́jì (ẹ̀ka ìṣègùn tó ń yẹ ohun tí àìsàn ń ṣe nínú ara wò) sí “ìmọ̀ okùnfà àrùn”, kí a sì pe sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kékeré tí ara ohun alààyè fi di odindi, ní “àhámọ́”, nítorí pé yàrá kékeré ni ọ̀rọ̀ Látìn tó bí i túmọ̀ sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú àbá náà wá, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé iṣẹ́ Rudolf Virchow (1821–1902), dókítà ọmọ Jámánì tó tún ìmọ̀ yìí tẹ̀ dó, kò bá a mu.

Ní 1845, obìnrin alásè kan, ẹni àádọ́ta ọdún, kú sí ilé ìwòsàn Charité ní Berlin. Nígbà tí Virchow yẹ òkú rẹ̀ wò, ohun tó bá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì jọ ọyún. Lọ́dún kan náà, dókítà John Hughes Bennett rí irú rẹ̀ ní Edinburgh, ní Scotland, ó sì kà á sí ọyún inú ẹ̀jẹ̀. Virchow ní tirẹ̀ pè é ní “ẹ̀jẹ̀ funfun” lásán: ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sọ ohun tó fà á, torí pé kò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì sọ ọ́ ní Leukämie, èyí tí a mọ̀ lónìí sí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ibí yìí gan-an ni “okùnfà” ti kùnà.

Virchow kò gbà pé ohun kan tó ti ìta wọlé wá bá ara gbé ni àìsàn. Lójú tirẹ̀, ìwàláàyè náà ni, ipò tó wà ló yí padà. Èdè wa ti pín ọ̀nà yìí tipẹ́. À ń kó àrùn, àrùn sì ń ranni. Ṣùgbọ́n àìsàn kò ju pé ara kò sàn lọ. “Ìmọ̀ àìsàn ara” ni mo fara mọ́. Ó tilẹ̀ tún fi ibi tí ọkùnrin náà ti ṣìnà hàn, torí ó lọ́ra láti gbà pé kòkòrò àìrí ń fa àrùn, kò sì gba ẹ̀kọ́ Semmelweis, dókítà tó ní ọwọ́ àìmọ́ àwọn dókítà ló ń fa ibà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ní ti àhámọ́, ọ̀rọ̀ Virchow ní 1855 ni pé inú sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti ń jáde wá. N kò tíì rí àhámọ́ tó bí àhámọ́. Ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì dúró.

Èyí tó le jù ni ẹ̀ka ìṣègùn tó ń wo bí ipò àwùjọ ṣe ń fa àìsàn (social medicine), tí àwọn kan fẹ́ kó sábẹ́ “ìlera aráàlú”. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ojú iṣẹ́ Virchow mu nígbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú Berlin, tó ń jà fún ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ àti àyẹ̀wò ẹran kí wọ́n tó tà á. Ṣùgbọ́n ní 1848, ìjọba Prọ́ṣíà, ilẹ̀ Jámánì tí Berlin jẹ́ olú ìlú rẹ̀ nígbà náà, rán an lọ sí Òkè Silesia, agbègbè kan lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ìyàn ti mú, tí ibà táífọ́ọ̀sì, tí iná (kòkòrò inú aṣọ) ń gbé kiri (kì í ṣe táífọ́ọ̀dù o), sì ń pa àwọn tálákà tó ń sọ èdè Polish. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Ohun tó kọ fún ìjọba ni ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà tó dára, kí ẹrù owó orí kúrò lórí òtòṣì bọ́ sórí olówó, kí ará ibẹ̀ máa ṣàkóso ara wọn, kí èdè Polish sì di èdè ìjọba níbẹ̀. Lọ́dún náà ló kọ ọ́ pé ìṣègùn jẹ́ ìmọ̀ àwùjọ, àti pé òṣèlú kò ju ìṣègùn tí a ṣe fún odindi ìlú lọ. “Ìlera aráàlú” lè gba kòtò ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kò gba owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kò gba èdè Polish. “Ìṣègùn àwùjọ” gbà wọ́n, òun ni mo sì dìbò fún.