Ìjùrù tàbí àyíjù? Ọ̀rọ̀ táyà fún ọkọ̀ apọnmọ

Àbá márùn-ún ló wọlé fún ojú ewé táyà nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ mọ́tò tí à ń kó jọ ní Òṣogbo. Bí ẹ̀gbọ́n tó dá a ṣe kọ ọ́ rèé:

> Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì-àárín: mọ́tò eré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàrin.
> Ìdìmú: bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú.
> Gíga táyà: nọ́ńbà kejì lára táyà.
> Àyíjù: kí awakọ̀ yí sítíárì jù ní kọ́ọ̀nà.
> Àyíkù: kí ó má yí i tó. Bí mọ́tò bá ní àyíkù, kí a fi táyà tó fẹ̀ sí iwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òjò o. Ọ̀rọ̀ kẹrin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbá mú, torí bí ìtumọ̀ yẹn bá wọ ìwé, ẹni tó bá tẹ̀ lé e lọ ra táyà lè bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà.

Àyíjù, tí Òyìnbó ń pè ní oversteer, ń na ìka sí ọwọ́ awakọ̀. Ọwọ́ lè dúró gbọn-in lórí sítíárì, kí ọ̀ràn náà sì ṣẹlẹ̀, torí pé táyà ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ilẹ̀ ní kọ́ọ̀nà, tí ẹ̀yìn mọ́tò wá ń sáré láti di iwájú. Kí ìtumọ̀ wa lè dá ṣáká, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan kún un: igun ìyapa. Bí mọ́tò bá ń gba kọ́ọ̀nà, ibi tí ríìmù dojú kọ àti ibi tí táyà ń lọ ní ti gidi kì í bára mu; rọ́bà ń lọ́, ìyàtọ̀ díẹ̀ sì máa ń wà láàrin méjèèjì. Bí igun ìyapa ẹ̀yìn bá ju ti iwájú lọ, ìrù á máa jù síta. Bí ti iwájú bá ju ti ẹ̀yìn lọ, imú mọ́tò á máa lọ tààrà. Ẹ yí sítíárì títí, kò ní gbọ́.

Fún ti ìrù tó ń jù síta, mo mú ìjùrù wá dípò àyíjù. Bí ajá bá ń jùrù, orí dúró, ìrù ló ń lọ; kò sẹ́ni tí yóò wí pé ajá náà yíjú jù. Fún ti imú tó ń lọ tààrà (understeer), mo mú oríkunkun wá dípò àyíkù. Àyíkù kò tilẹ̀ ní pẹ́ dàrú mọ́ wa lọ́wọ́: ẹni tí kò bá fi àmì sí i dáadáa, àyíkú ni yóò kọ, bẹ́ẹ̀ láàrin òun àti ìjùrù, ìjùrù ni apànìyàn.

Ẹ wo ohun tí Toyota ṣe sí MR2, mọ́tò eré wọn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀. Èyí tó jáde ní 1984 lo táyà kan náà yí ká, 185/60R14 (185 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà). Nígbà tí ìran kejì dé ní 1989, iwájú jẹ́ 195/60R14, ẹ̀yìn 205/60R14. Mìlímítà 10 péré ni ẹ̀yìn fi fẹ̀ jù. Ìjùrù mọ́tò yìí, bó ṣe ń dé lójijì, di ohun tí àwọn awakọ̀ ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n tún ṣọ́ọ̀kì àtàwọn apá tó di táyà mú ṣe, wọ́n sì sọ táyà di 195/55R15 níwájú lórí ríìmù íńṣì 6, àti 225/50R15 lẹ́yìn lórí ríìmù íńṣì 7. Iwájú kò kúrò ní 195. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi mìlímítà 20 kún. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ ni àrùn náà, kí ni wọ́n ń wá lọ sí ìdí mọ́tò?

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ní láti yí padà. Bí ẹ bá dé Old Garage tí ẹ bi dẹ́rẹ́bà pé mọ́tò wo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàrin, kòrópe ni yóò nàka sí, kò sì jẹ̀bi, torí abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ kòrópe wà. Ohun tí à ń wí níhìn-ín ni mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá táyà ẹ̀yìn: MR2 yẹn, Honda NSX, Porsche Boxster, Lotus Elise, Lamborghini Miura ti 1966. Ọkọ̀ apọnmọ ni mo pè é. Ìyá tó pọnmọ gbé ẹrù mọ́ ara, ó yá a láti yí ju ẹni tó gbé pákó gígùn lé èjìká lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó yá láti yí yá láti pòòyì pẹ̀lú: bí ìrù ọkọ̀ apọnmọ bá ti jù, àkókò tí awakọ̀ ní láti fà á padà kò tó nǹkan. (Porsche 911, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọjá táyà ẹ̀yìn, ọmọ ti yọ̀ wálẹ̀ sí ìdí nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ojú ewé mìíràn.) Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àmì ohùn bọ́ lára apọnmọ o. Bó bá di pọ̀nmọ́, ọlọ́bẹ̀ ni yóò wá dá wa lóhùn.

Ẹ̀yìn ló ń ru jù nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ká ní ó wọn 1,300 kìlógíráàmù, tí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún wà lẹ́yìn: 754 lẹ́yìn, 546 níwájú. Ẹrù ń tẹ táyà mọ́lẹ̀, ó sì ń fi kún bó ṣe ń mú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ìlọ́po méjì kì í mú agbára ìlọ́po méjì wá. Ó máa ń dín díẹ̀. Àlàfo yẹn ni fífẹ̀ táyà ẹ̀yìn ń dí. Nígbà tí awakọ̀ bá wá já ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù láàrin kọ́ọ̀nà, ẹrù á sún síwájú, táyà iwájú á tẹlẹ̀ sí i, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìrù á jù. Ẹni tí ìwé wa ti sọ fún pé sítíárì ló fà á kò ní ronú kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá.

Ìdìmú kò burú, àmọ́ àwọn fọkanáísà ti ní tiwọn: «táyà yìí ò mú ilẹ̀ mọ́.» Ìmúlẹ̀, ó parí. Kí ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáà ṣọ́ àmì orí mú, kó má baà di ìmùlẹ̀ tí àwọn àgbà ń ṣe.

Gíga táyà ń ṣini lọ́nà gan-an. Lára 205/55R16 91V, 205 ni fífẹ̀ ní mìlímítà. 55 kì í ṣe mìlímítà, kì í ṣe íńṣì. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn ni, ìyẹn gíga ẹ̀gbẹ́ táyà láti ríìmù dé ojú rọ́bà: mìlímítà 112.75. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 225.5, ríìmù íńṣì 16 jẹ́ 406.4, àpapọ̀ 631.9, òun ni gíga táyà ní tòótọ́. Ẹni tó bá rò pé 55 ni gíga á lọ ra 225/55R16, á ní òun kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Gíga rẹ̀ ti di 653.9: mìlímítà 22 ló fi lé, ó ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí aago iyára bá wí pé 100, mọ́tò ti ń sá lọ sí bíi 103, bíréèkì ABS tó ń fi yíyí táyà iwájú wé ti ẹ̀yìn sì lè máa ṣi ìṣirò. Nítorí náà, ìdá gíga ni kí a kọ. 91 dúró fún ẹrù 615 kìlógíráàmù lórí táyà kan, V fún iyára 240 kìlómítà ní wákàtí kan. A lè fi nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà iyára pè wọ́n láìjà.

Ìmọ̀ràn tó so mọ́ àyíkù ni mo fi ṣìkẹyìn, torí òun ló burú jù. Boxster àkọ́kọ́, ti 1996, gba 205/55R16 níwájú àti 225/50R16 lẹ́yìn. Ìṣirò kan náà fi hàn pé ti ẹ̀yìn ga tó 631.4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú. Ẹni tó bá gbọ́ ìmọ̀ràn wa, tó lọ fi 225/50R16 síwájú, kò ní rí ohun tó bàjẹ́: ó wọ ríìmù, gíga kò yẹ̀, aago kò purọ́, fọkanáísà á ní ó pé. Ẹ̀yìn tó ń ru jù kò wá ní ju ohun tí iwájú ní lọ mọ́. Ẹni tí kò rí 225 lọ́jà tó wá fi 205 sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibì kan náà ló bá ọ̀nà mìíràn dé.

Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ ìtumọ̀ náà ni iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe. Kí ó ka ìwé pélébé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ó ya ti iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀yìn. Kí táyà ọ̀tún àti òsì jẹ́ ilé iṣẹ́ kan, ojú kan, ọjọ́ orí tó súnmọ́ra. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí ó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ apọnmọ ló ń kọ́kọ́ jẹ, torí òun ló ń ru tó tún ń wa mọ́tò, fífẹ̀ wọn ò sì bára mu, a ò lè gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn bí a ṣe ń ṣe sí Corolla. Ẹni tó bá ní kí ti iwájú jẹ tán kí òun tó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á wa ìrù pípá wọ inú òjò oṣù kẹsàn-án. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Boxster yẹn ń fẹ́ 29 níwájú, 36 lẹ́yìn, lórí gééjì PSI, táyà tútù. Fọkanáísà tó bá fún gbogbo rẹ̀ ní 32 torí àtifi dọ́gba ti fi kún agbára iwájú, ó sì ti sọ ẹ̀yìn di jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ìjùrù ló fẹ́ náwó rà yẹn.

---

Àbúrò, mo ti kà á. Mo gba ìjùrù, mo gba apọnmọ, mo sì fa ìmọ̀ràn táyà iwájú yẹn padà. Mi ò gba oríkunkun. Ìwà èèyàn ni. Mọ́tò kò ní orí tí yóò fi kunkun. Àyíkù ṣì sàn, kí ẹ kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé yín ní àmì ohùn. Ohun kejì: bí ìwé wa bá wí pé fífẹ̀ ẹ̀yìn ló ń wo ìjùrù sàn, kí ni yóò dá ẹni tó fẹ́ fi 255 sí ibi 225 dúró?

---

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kejì yẹn ló mú mi fẹ́ di oríkunkun mú, torí òun gan-an ni ẹni náà máa bá pàdé. Bí ẹ̀yìn bá fẹ̀ jù fún iwájú, igun ìyapa iwájú á máa tóbi ṣáájú, mọ́tò á kọ̀ láti yà. Awakọ̀ á fi sítíárì kún un. Èyí tí ó yí ti ju ohun tó yẹ lọ, síbẹ̀ àyíkù ni ìwé á máa pè é. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ yẹn náà ń wo ọwọ́ dípò táyà?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ríìmù ní ìwọ̀n tirẹ̀. 205/55R16 ń fẹ́ ríìmù tó fẹ̀ láti íńṣì 5.5 sí 7.5, táyà tó fẹ̀ jù lórí ríìmù tóóró á wú bíi fùfú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa mì ní kọ́ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìmìtìtì yẹn ni à ń sá fún. Ó lè máa ha pátákó orí táyà nígbà tí mọ́tò bá wọ kòtò. Òjò sì wà níbẹ̀: táyà tó fẹ̀ ní omi púpọ̀ láti tì kúrò lójú ọ̀nà, bí ihò ojú rẹ̀ bá ti jẹ dé mìlímítà 2 tàbí 3, omi á gbé e sókè. Mo dábàá ìléfòó fún ìyẹn, torí gbogbo wa ló mọ léfòó. Lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí omi bá dúró lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, táyà 225 tó jẹ sàn ju 255 tó jẹ lọ.

Mo ti tún ìtumọ̀ ìjùrù kọ báyìí: «Ìjùrù: kí igun ìyapa táyà ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ ní kọ́ọ̀nà, tí ẹ̀yìn mọ́tò fi ń jù síta. Ohun tó ń fà á: jíjá ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, táyà ẹ̀yìn tó jẹ tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, táyà iwájú tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ.»

Oríkunkun ṣì ń dúró de ìbò yín. Ẹ bá wa wá ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú fún mọ́tò tí táyà iwájú rẹ̀ kò bá ti ẹ̀yìn dọ́gba láti ilé iṣẹ́. «Táyà àìdọ́gba» tí ẹnì kan dá lábàá ń dún bí ẹni pé ó ní àléébù.