Bátìrì méjì fún rédíò ọkọ̀ ojú omi, ẹ gbà mí o

ỌmọÌlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá rẹwáyà. Ìlọrin ni mo wà àmọ́ Jẹ́bà ni ọkọ̀ ojú omi wa wà, lórí odò Ọya. Bátìrì ẹ́ńjìnnì ni mo so rédíò àti àńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè) mọ́, tá a bá ti gbọ́rin díẹ̀ báyìí ẹ́ńjìnnì ò ní stáàtì mọ́, lánàá àjẹ̀ la fi tukọ̀ délé, ojú tì mí. Mo ti ra bátìrì 12 volt kejì. Ṣé kí n kàn so wọ́n pọ̀ ni?

Rẹwáyà_Ọ̀fà: Rárá o. Tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀ lásán, méjèèjì á jọ kú ni. Ọ̀kan fún stáàtì, ìkejì fún orin nìkan, kẹ́ ẹ wá fi isolator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya bátìrì sọ́tọ̀, sáàárín, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ á máa cháàjì méjèèjì, tí ẹ bá pa á, isolator á yà wọ́n. Negative méjèèjì ló máa pàdé. Wáyà pupa àńpù, ìdí bátìrì gan-an ni kí fíúsì ẹ̀ wà o, kì í ṣe lẹ́bàá àńpù.

Alhaja_Òkè: Ọmọ iṣẹ́ kan so positive ọ̀kan mọ́ negative ìkejì fún wa, 24 volt ló wọ àńpù. Èéfín la rí 😂

ỌmọÌlọrin: Háà! Ẹ ṣé gan-an. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní deep cycle ńkọ́?

Rẹwáyà_Ọ̀fà: Òun gan-an ni kẹ́ ẹ lò fún orin, ó lè gba kẹ́ ẹ lo iná inú ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, ti stáàtì ò lè gbà á.