Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà: kí ni ẹ ti rí nípa rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò máa ń mú kí ẹnu mi gbẹ, ni oníṣègùn eyín bá gbà mí níyànjú pé kí n máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà lẹ́yìn oúnjẹ. Itọ́ ti ń sun dáadáa báyìí. Ẹ̀yin tí ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń jẹ ẹ́, báwo ni eyín yín ti rí?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Helsinki: Kò ṣàjèjì ní Finland níbí rárá. Àwọn ilé ìtọ́jú ọmọdé a máa fún àwọn ọmọ ní xylitol, èròjà adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ tèmi náà sì ń jẹ ẹ́. Ìlú Turku ni Arje Scheinin àti Kauko Mäkinen ti ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n rí i pé àkokoro kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tí ó fi xylitol rọ́pò ṣúgà, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí tí ó ń sọ ṣúgà di omi kíkan tí ń jẹ èèpo eyín kò rí xylitol lò.

Adékọ́yà: Orín ata ńkọ́? Orín ni àwọn òbí wa run tí eyín wọn fi gbó sí wọn lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá gbà pé kí a máa lò ó níbi tí ó bá ti wọ́pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, orín ń fọ eyín, ṣingọ́ọ̀mù kò lè fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Itọ́ tí ó ń fà jáde ni ó ń ṣiṣẹ́: a máa ṣan omi kíkan dànù, a sì máa dá èròjà tí ó ń mú eyín le padà sí i lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a jẹ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn oúnjẹ. Kò gba ipò orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì.

Adékọ́yà: Ó yé mi. Síbẹ̀, n kò lè gbà kí ọmọ mi máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ níwájú àgbà.

Àbẹ̀kẹ́: Kí ó tu ú nù kí ó tó jáde wá kí àlejò, ẹ̀gbọ́n.

Akínwándé: Kí ẹni tí oríkèé àgbọ̀n ń dùn ṣọ́ra. Tèmi máa ń ró bí mo bá ya ẹnu, ṣingọ́ọ̀mù sì ń dá kún ìrora náà, ni mo ṣe fi í sílẹ̀.

Títílọ́lá: Bí ó bá pọ̀ jù, sorbitol, èròjà adùn mìíràn tí ó máa ń wà nínú rẹ̀, lè mú kí ènìyàn máa yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí ó bá sì ní ajá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e pamọ́: xylitol a máa já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì lè pa á.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Helsinki: Òótọ́ ni. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni tiwa wà.

Adékọ́yà: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí kò ní ṣúgà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ka ara páálí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Pé ó ń ta ẹnu lọ́lọ́ kò ní kí ṣúgà má wà nínú rẹ̀.