Elul ti wọlé, mò ń gbàdúrà àmọ́ kò wọ̀ mí lára

ỌmọÌjìgbò:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn Júù kó dá mi lóhùn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é nílé mi ní Adó-Èkìtì níbí, èmi nìkan ni o, kò sí sínágọ́gù tí mo lè sáré dé. Oṣù Elul la wà yìí, òun ló ṣíwájú Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn. Láràárọ̀ mò ń gbọ́ fèrè ìwo àgbò lórí fóònù, àfi ọjọ́ Sábáàtì, mò ń ka Sáàmù 27 láàárọ̀ lálẹ́, aago mẹ́rin ni mò ń jí ka Selichot, àdúrà ìtọrọ àforíjì yẹn. Kí n má parọ́ fún yín, ẹnu lásán ni, ọkàn mi ti wà lọ́jà. Ṣé kí n dá a dúró ni àbí kí n fi kún un?

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́:
Ọmọ Adó wo ló di Júù lójijì, haba 😂 Eré ni mò ń ṣe o. CAC lèmi, àwa náà ń jí lóru, ó máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Oorun ni. Tètè máa sùn.

Àǹtí Ọ̀mùò:
Kì í ṣe oorun o. Mo tọ́jú màmá Júù kan ní London kí n tó padà sílé, bí Elul bá ti dé, kí màmá yìí tó mú ìwé àdúrà, fóònù ló ń kọ́kọ́ gbé, á pe àbúrò ẹ̀, á pe aládùúgbò tí wọ́n jọ jà nítorí igi, "tí mo bá ṣẹ̀ yín ẹ forí jì mí". Ó pe èmi náà jókòó! Ó ní òun jágbe mọ́ mi nítorí tíì, èmi tí mo ti gbàgbé látọjọ́ yìí, ẹkún gbọ̀n mí. Ó ní Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù wọn tó máa bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá ọdún, tìwọ àti Ọlọ́run ló ń bójú tó, èyí tóo ṣe sí ọmọnìkejì ẹ kò kúrò níbẹ̀ àfi tóo bá lọ tù ú nínú. Maimonides, ọ̀mọ̀wé Júù ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé tí ẹni tóo ṣẹ̀ bá kọ̀, kó mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, tó bá tún kọ̀, padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn ẹni tó kọ̀ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún wà. Ápù tí wọ́n ń tì bọ oyin jẹ lọ́dún tuntun yẹn, ẹ̀yìn gbogbo èyí ló wà.
ỌmọÌjìgbò, ta ni ẹ ò tíì pè?

Ìyá Ìbejì:
Ṣé kì í ṣe bí ti wa náà nìyí? Kí Udiroko tó jẹ́ ọdún tuntun Adó tó kò, bàbá mi kì í jẹ́ ká fẹnu kan iṣu tuntun tí ẹnì kan bá ń yan ẹnì kan lódì nínú ilé.

ỌmọÌjìgbò:
Àǹtí, ẹ ti mú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ọ̀kẹ́ṣà níbí ló ń gbé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa ni, láti 2021 a ò kí ara wa. Èmi tí mò ń jí láago mẹ́rin bẹ Ọlọ́run, mi ò lè rìn dé Ọ̀kẹ́ṣà. Mo pè é lálẹ́ àná, kò gbé e. Mo tún pè, ó já a. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí mo mọ̀ ò ju méjì lọ, fọkanáísà kan àti ìyá oníyán tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́:
Tó bá jẹ́ ti ìyá oníyán, ọ̀rẹ́ mi ni. Mo wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Iṣu la fẹ́ gbé dání ni àbí ápù?