"Ẹ̀bi" kọ́ ni Heuss sọ: lórí ìtumọ̀ Kollektivscham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí Theodor Heuss, ààrẹ àkọ́kọ́ tí Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì yàn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ takuntakun ni, mo kí wọn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: wọ́n pe Heuss ní "ààrẹ àfiṣọ̀ṣọ́", wọ́n sì túmọ̀ Kollektivscham, ọ̀rọ̀ Jámánì fún ìtìjú tí gbogbo èèyàn jọ ní, sí "ẹ̀bi gbogbogbò".

Ti àkọ́kọ́ kò le. Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin ìpìlẹ̀ Jámánì tó jáde ní 1949, wọ́n rántí bí Ààrẹ Hindenburg ṣe ń fi agbára pàjáwìrì ṣèjọba, tó sì fi Hitler ṣe olórí ìjọba ní oṣù Kìíní 1933. Wọ́n wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ààrẹ, wọ́n kó o fún ilé aṣòfin àti olórí ìjọba, ìyẹn Adenauer. Ẹnu ló kù fún Heuss. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá lo ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí jẹ́ gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dọ̀ wa níbí, tí olórí ìjọba sì wà lọ́tọ̀, ta ló jẹ́ pe Kábíyèsí ní àfiṣọ̀ṣọ́? "Ààrẹ tí kì í darí ìjọba" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Èkejì ló ká mi lára. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1949, ní Wiesbaden, Heuss ní kí wọ́n máa sọ pé gbogbo ará Jámánì ló jọ jẹ̀bi ti mú ọ̀rọ̀ rọrùn jù. Kollektivscham ló fi rọ́pò rẹ̀. Tí a bá wá túmọ̀ èyí sí ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ̀ la tún fi sí i lẹ́nu.

Ẹ̀bi ń fẹ́ adájọ́. Kí ojú tini kò fẹ́ ilé ẹjọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà jí ewúrẹ́ aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ka ẹ̀sùn sí bàbá àgbà lọ́rùn. Síbẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi ṣí fìlà, tó lóṣòó síwájú obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo jí i, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Orúkọ kan náà la jọ ń jẹ́." Ohun tí Heuss náà sọ ní Wiesbaden nìyẹn: pé èyí tó burú jù nínú ohun tí Hitler fi ṣe wọ́n ni pé ó kó wọn sínú ìtìjú, pé àwọn àti òun jọ ń jẹ́ ará Jámánì.

Àwọn kan á ní ṣe ló ń fi ìtìjú sá fún ẹ̀bi. Wọn ò jayò pa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1933, Heuss fúnra rẹ̀ wà lára àwọn aṣòfin tó dìbò fún òfin tó fún Hitler láṣẹ láti máa dá òfin ṣe. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ìdí gan-an tí kò fi yẹ ká da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nìyí.

Kí la máa wá pè é? Ọmọ tó sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀ náà ní ìtìjú. Ẹ̀sín, ẹnu ẹlòmíràn ló ti ń wá. "Ojútì" ló tọ́ lójú mi. Ní ti Kollektiv, ìyẹn pé gbogbo wọn ló jọ ní in, "àjọní" tí ẹnì kan dábàá ń dún bí ilẹ̀ tàbí ilé tí bàbá fi sílẹ̀. "Ojútì àjọrù" ni mo fara mọ́, ẹ̀rí mi sì wà ní Bergen-Belsen. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1952, níbi ìṣíde ohun ìrántí àwọn tó kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni náà, Heuss ní, "Wir haben von den Dingen gewusst": a mọ̀ nípa àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Ó tún ní kò sẹ́ni tó máa gba ìtìjú yìí kúrò lọ́rùn wọn. Abnehmen ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó lò níbẹ̀, òun náà ni ará Jámánì ń lò tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí alágbàrù wa ń sọ nìyẹn tó bá ní "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Mo wá tún gbólóhùn Heuss kọ báyìí: "Kò sẹ́ni tó máa bá wa sọ ojútì yìí kalẹ̀." Ẹ̀yin tó ń sọ ẹ̀ka èdè Kétu tàbí Èkìtì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé "sọ̀" ṣì ń dún bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?