Okùnfà kọ́, alárinà ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó.

Mo rí ohun tí Ọ̀gá wa kọ láná fún "magnetically recoverable nanocatalyst" tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún: "okùnfà rárà olóòfà aṣeégbàpadà". "Okùnfà" ni wọ́n pe "catalyst", ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́mísírì yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán; "rárà" ni wọ́n pe "nano". Wóró irin wínníwínní tí àwọn oníkẹ́mísírì ń fi mólékù ẹlẹ́ka ("dendrimer", tó ń yọ ẹ̀ka bí igi) wé kí wọ́n má baà ṣù pọ̀ ni Ọ̀gá ń sọ lórúkọ. Àwọn oníkẹ́mísírì á so pàládíọ̀mù, irú irin olówó iyebíye kan, mọ́ ẹ̀ka náà kó lè máa mú iṣẹ́ yá. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi òòfà kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mi ò bá òòfà jà. Okùnfà ló ń bí mi nínú.

Fà wo nìyẹn? Okùnfà ni ohun tó jẹ́ pé bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ kì bá ṣẹlẹ̀. Eléyìí kì í fa nǹkan kan. Ohun tí ì bá falẹ̀ ló ń mú yá. Berzelius, oníkẹ́mísírì ará Swídìn tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1835, títú ló mú láti inú èdè Gíríìkì, kò mú fífà. Ẹ wo iṣẹ́ Suzuki, oníkẹ́mísírì ará Jàpáànù, tí òun, Heck àti Negishi jọ gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2010: pàládíọ̀mù á di kábọ́ọ̀nù tibí mú, á di tọ̀hún mú, á so wọ́n pọ̀, á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ní ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa? Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, a ń wá okùn kiri!

Ìyá wa tó ní kí á pè é ní káún, ẹ jọ̀ọ́ mà. Káún ń mú ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló bù ú padà nínú ìkòkò rí?

Ràrá ni ènìyàn kúkurú, òun náà ló wà nínú "nano" àwọn Gíríìkì. Rárà, sísun là ń sun ún. Ọ̀gá, àmì ohùn!

"Ẹlẹ́ka" dára. Ìran ni kí a máa fi ka ẹ̀ka wọn, torí orí kan ń bí méjì: 2, 4, 8.

Aránṣọ ni ìyá mi. Òòfà inú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ ló fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Bó bá já wọn kúrò lára rẹ̀ tán, abẹ́rẹ́ á ṣì máa gbé abẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn wóró yìí, tí wọn ò ju bíi nànómítà 10 lọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: òòfà kúrò, wọ́n gbàgbé, wọ́n tún fọ́n ká sínú omi. Ìyẹn gan-an la ò tíì rí orúkọ fún.

Ẹni tó ní kí n lọ gboyè ọ̀mọ̀wé kí n tó dá sí i, ọdún 22 ni mo fi kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì. Mo sì ń bọ̀ wá sórí "aṣeégbàpadà" yẹn, torí mi ò mọ ẹni tó kọ́ yín láti lẹ "ṣeé" mọ́ "gbà".