Ọdún tí ọmọ mi ga: ìrírí ìyá ọmọ tó ń ṣeré lórí yìnyín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ka ìrírí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù ní akádẹ́mì, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára débi pé n kò rí oorun sùn. Ó ní kí àwa tí ọmọ wa ń ṣe eré ìdárayá tí kò wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá sọ tiwa. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe figure skating, eré orí yìnyín tí wọ́n ti ń fò sókè, tí wọ́n sì ń yí bí òkòtó.

Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, là ń gbé. Ìlú yìí ni Jayne Torvill àti Christopher Dean ti jáde, àwọn méjì tó gba góòlù eré yìí ní Òlíńpíìkì Sarajevo ní 1984, tí àwọn adájọ́ fún ní 6.0, máàkì tó ga jù nígbà náà, lẹ́ẹ̀méjìlá nítorí ijó kan ṣoṣo. Orúkọ orin tí wọ́n fi jó lọ́jọ́ náà, Bolero, ni wọ́n fi sọ ojúde tó wà níwájú pápá yìnyín wa. Èmi ò mọ ìkankan nínú èyí nígbà tí mo dé láti Ìbàdàn. Yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tó máa ń bá òjò rọ̀, tí a máa ń sáré ṣà jẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Ọmọ kíláàsì ọmọ mi kan ló ṣe ọjọ́ ìbí ní pápá yìnyín náà nígbà tí tèmi wà ní ọmọ ọdún 6. Àwọn yòókù di ògiri mú, tèmi jáwọ́. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fẹ́ bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló tó sunkún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ sanwó ẹ̀kọ́.

Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la máa ń jí, torí kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé ni yìnyín máa ń ṣófo. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú fúláàsì tíì àti ìborùn méjì. Bàtà gidi àkọ́kọ́ tí a rà fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé wa oṣù kan, irin abẹ́ rẹ̀ dá dúró ní iye tirẹ̀, pípọ́n irin náà sì tún dá dúró. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń tà pé ó jẹ́ àwọ̀ ara, àwọ̀ ara òyìnbó ni. Mo rẹ ẹ́ sínú tíì dúdú mọ́jú kó tó bá ẹsẹ̀ ọmọ mi mu. Ti irun kò le ní tèmi: ṣùkú ni mo máa ń dì fún un, gbogbo rẹ̀ á kúrò lójú, kò sì ní tú bó ti wù kó yí tó.

Mo wá fídíò Surya Bonaly fún un, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di ọ̀gá ní Yúróòpù lẹ́ẹ̀márùn-ún, láti 1991 sí 1995. Ní Òlíńpíìkì Nagano ní 1998, ó tàkìtì sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀, nígbà tí òfin ṣì kọ̀ ọ́. (2024 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò.) Ọmọ mi wò ó títí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwòrán obìnrin náà wà lára ògiri yàrá rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìfò kan, torí òun ló di ìtàn wa. Oríṣi ìfò mẹ́fà ló wà. Nínú márùn-ún, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbéra. Axel nìkan ni wọ́n ń kọjú síwájú fò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni gbogbo wọn fi ń balẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyípo ààbọ̀ fi máa ń lé lórí rẹ̀. Double Axel jẹ́ ìyípo méjì ààbọ̀ kí ẹsẹ̀ tó tún kan yìnyín. Ọmọ mi balẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11. Kóòṣì ń pàtẹ́wọ́, èmi ń sunkún.

Nígbà tó pé ọdún 13, ó ga. Láàárín oṣù mẹ́wàá, sẹ̀ntímítà 9 ló fi ga sí i. Àǹtí mi rí i lórí fídíò láti Ìbàdàn, wọ́n pariwo: “Háà! Ọmọ yìí ti di ọmọge! Olúwa ṣeun!” Èmi náà dúpẹ́. Àdúrà tí mo ti ń gbà láti ìgbà tí mo ti bí i ni pé kó dàgbà. Ọdún yẹn gan-an ni Axel lọ.

Ẹni tó bá ń yí tó na apá, yóò rọra yí ni. Tó bá kó apá mọ́ àyà, yóò yára. Ara tó gùn dà bí apá tó nà, kò ṣeé kó mọ́ra tán. Ó ń fò bó ṣe ń fò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó yí tán, yìnyín ti dé. Ní òwúrọ̀ kan, mo kà á: ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún.

Kóòṣì tó ní nígbà náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n dín oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kù, pé ó ti ń wúwo. Mo sì ṣe é. Èmi tí ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọ kankan sùn láìyó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bu ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọmọ mi. Lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró nínú kíṣìnì. Ó wà nínú òkùnkùn, ó ń fi ọwọ́ bu èbà tútù jẹ láìsí ọbẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún kóòṣì.”

Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kaná lóru náà. Mo jókòó tì í títí ó fi yó. A fi kóòṣì yẹn sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa àwọn ọmọ eré yìí. Yulia Lipnitskaya wà lára ikọ̀ Rọ́ṣíà tó gba góòlù ní Òlíńpíìkì Sochi ní 2014, ọmọ ọdún 15 ni. Ní 2017, ní ọmọ ọdún 19, ó ti fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú àìsàn àìjẹun. Ní 2022, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé pinnu láti gbé ọjọ́ orí tí ọmọ fi lè bá àgbà díje láti 15 sí 17. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ó dùn mí pé ó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alysa Liu, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe eré yìí, ló tù wá nínú jù. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó borí gbogbo obìnrin Amẹ́ríkà ní 2019. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì Beijing ní 2022, ọmọ ọdún 16, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó padà ní 2024. Ní oṣù kẹta 2025, èmi àti ọmọ mi jókòó sórí àga kan náà, a ń wò ó ní Boston bó ṣe di ọ̀gá àgbáyé ní ọmọ ọdún 19, ara àgbàlagbà, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Kóòṣì tuntun kò mẹ́nu ba ìwọ̀n rí. Ó ní ọmọ náà ní ara tuntun, kó kọ́ ìfò bí ẹni tí kò fò rí. Ìfò ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdíje tó ṣe kẹ́yìn, ipò 11 ló wà nínú ọmọ 14, òun tó ti máa ń gba àmì-ẹ̀yẹ tẹ́lẹ̀. N kò ní purọ́, ó ká a lára.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rìndínlógún, ó gbéra, ó yí, ó sì balẹ̀. Kóòṣì ń bá ọmọ mìíràn sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo rí i. Ó sáré wá síbi tí mo jókòó sí, ojú rẹ̀ ń dán, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kò sọ ohunkóhun nípa ìfò náà. Ó ní, “Mọ́mì, ebi ń pa mí gan-an.”

Mo ṣí kúlà.